Ìyá Bọ́tìnnì àti Aṣọ Ẹ̀ṣọ́ Tuntun

Gbogbo òṣìṣẹ́ ọgbà àtìmọ́lé tí wọ́n ń kó àwọn ogunléndé sí ló mọ̀ ọ́n sí Ìyá Bọ́tìnnì. Kì í ṣe pé ó ń ta bọ́tìnnì o. Òun ni àgbà ilé ìfọṣọ wọn, aṣọ kan kò sì lè ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kí bọ́tìnnì rẹ̀ má pé, ìbáà ṣe aṣọ ọ̀gá pátápátá, ìbáà ṣe ṣẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan tí ogunléndé wọ̀ sá kúrò nílé. Bí ẹ bá bá a nídìí iṣẹ́, ẹ ó rò pé ó ń kàwé ni. Á tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, á fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, èyí tó bá mì lábẹ́ ìka rẹ̀, á gé e, á tún un rán. Ó ní aṣọ tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò pé dà bí ẹni tó ya ẹnu sílẹ̀ láàárín èrò. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó ṣe é.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló bá a wá iṣẹ́ náà nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ni àbúrò yìí. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí, ìyá náà kò sì pẹ́ láyé, bí ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣe di ìyá ọmọ lọ́sàn-án gangan nìyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà gbé dàgbà. Nígbà tí ibà fẹ́ pa á, òun ló jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́rin tí kò fi ojú kan oorun. Ọmọ ọ̀hún ti wá di ọkùnrin gìrìwò onírùngbọ̀n tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gbọ̀n bó bá wúkọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ilé ìfọṣọ, ohùn rẹ̀ á rọ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti jẹun?" Ìyá Bọ́tìnnì fẹ́ràn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Mo sọ ọ́ báyìí kí ẹ má bàa rò pé ohun tó ṣe nígbẹ̀yìn rọrùn fún un.

Wàyí o, aṣọ ibùsùn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá ká. Ó gba ẹni méjì: ẹnì kan á di etí méjì mú lápá ìhín, ẹnì kejì á di méjì mú lápá ọ̀hún, wọ́n á fà á, wọ́n á rìn pàdé ara wọn, wọ́n á tún yà. Nítorí náà wọ́n gbà kí ẹnì kan láàárín àwọn tí wọ́n tì mọ́lé máa wá ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó ń wá ni wọ́n ń pè ní Olùkọ́, nítorí ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílẹ̀ rẹ̀ kí ogun tó wó ilé ìwé náà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní ikọ́ fée, ó sì lẹ́nu bí nǹkan míì. Ọdún méjì ló ti ń dúró de ìwé àṣẹ ìgbélùú tí wọ́n ní ó ń bọ̀ lọ́la.

"Ìyá, ẹ tún ti fà mí ṣubú tán," ni yóò máa wí.

"Ìwọ ni o ò jẹun kánú," ni Ìyá á dá a lóhùn. "Ọkùnrin tí aṣọ ibùsùn ń fà, ṣé ọkùnrin nìyẹn?"

"Ẹ sọ fún àwọn alásè yín kí wọ́n fi oúnjẹ sínú omi tí wọ́n ń fún wa mu."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì mú òmíràn. Ọgọ́rin aṣọ ibùsùn ni wọ́n ń ká lóòjọ́, Ìyá Bọ́tìnnì kò sì ní ẹlòmíràn tó ń bá a rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti lọ.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Olùkọ́ kò wá. Ọjọ́ kejì, kò wá. Nígbà tí Ìyá béèrè, àbúrò rẹ̀ ní ó wà ní Yàrá Ìrònú. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹni tó bá ṣàfojúdi sí kó lè ronú. Kí ni àfojúdi Olùkọ́? Ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ máa fún àwọn aláìsàn ní oògùn wọn lásìkò. Àfojúdi tí mo gbọ́ nìyẹn.

Ìyá Bọ́tìnnì mọ Yàrá Ìrònú, kì í ṣe pé ó débẹ̀ rí, aṣọ ibẹ̀ ló mọ̀. Kúbùsù tó bá ti ibẹ̀ wá máa ń tutù rinrin lásìkò tí òjò kò rọ̀. Nígbà míì, ẹ̀jẹ̀ á wà lápá ọ̀nà orí. Ó ti bi àbúrò rẹ̀ léèrè rí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyẹn ní páìpù kan ló ń jò, pé àwọn kan sì máa ń fi orí gbá ògiri. Ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Páìpù wo ló ń jò fún ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe? Kò béèrè. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, ṣùgbọ́n n kò ní gbè é lẹ́yìn lórí ìyẹn.

Àkókò yìí kan náà ni ẹ̀ṣọ́ tuntun kan ń lo ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ̀ nínú ọgbà náà. Ọkùnrin tó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, ojú rẹ̀ kì í gbé ibì kan. Ó máa ń kí àwọn ogunléndé, ìyẹn ló kọ́kọ́ ya Ìyá lẹ́nu, nítorí ẹ̀ṣọ́ kì í kí wọn. Òfin kan sì wà tí wọn kò sọ fún un: ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ohun yòówù tó bá wà lórí ìkọ́ ní yàrá ìmúra, ilé ìfọṣọ ló ń lọ. Ẹ̀ṣọ́ Tuntun bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ó sáré lọ bá wọn já ẹrù nínú ọkọ̀. Kó tó padà, Ìyá Bọ́tìnnì ti ti kẹ̀kẹ́ aṣọ rẹ̀ kọjá.

Àtàǹpàkò rẹ̀ dé orí bọ́tìnnì kẹta, ó dúró. Dúdú ni, bíi tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n ó nípọn jù wọ́n lọ, ó sì wúwo. Ihò kan tún wà láàárín rẹ̀ tí òwú kò gbà kọjá. Ìyá pòṣé. "Wo wàhálà! Ta ló mú ohun ìgbàkugbà rán mọ́ aṣọ iṣẹ́?" Ó fi àlùmọ́gàjí gé e, ó mú èyí tó bá àwọn yòókù mu, ó rán an dáadáa, ó fọ aṣọ náà, ó lọ̀ ọ́, ó dá a padà sórí ìkọ́. Ó ju bọ́tìnnì àjèjì náà sínú agolo bọ́tìnnì rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti ṣe ọmọ ọlọ́mọ lóore.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́ Ẹtì ni Ẹ̀ṣọ́ Tuntun wọlé wá, òógùn bò ó bí ẹni tó sáré ibùsọ̀ mẹ́ta.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, bọ́tìnnì kan wà lára ṣẹ́ẹ̀tì mi…"

"Mo ti bá ọ pààrọ̀ ẹ̀. O ò tiẹ̀ kọ́kọ́ dúpẹ́."

"Ẹ ṣé o, mà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gba ti tẹ́lẹ̀ padà. Bàbá mi ló fún mi kí wọ́n tó kú."

"Bọ́tìnnì ẹyọ kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ogún tí wọ́n pín fún ọ nìyẹn?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ìyá da agolo sórí tábìlì, ó wá bọ́tìnnì náà kàn, ó gbé e sí ojú fèrèsé. Gíláàsì kékeré kan ń dán nínú ihò yẹn bí ojú ẹyẹ.

"Bàbá rẹ mà fi ojú sí i lára," ni ó wí.

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìyá, irọ́ ni mo pa, ẹ má bínú. Akọ̀ròyìn ni mí. Kámẹ́rà ni. Mo wá síbí kí àwọn ará ìta lè rí ohun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn èèyàn wọ̀nyí." Ó wá sọ fún un pé ohun tó wà nínú bọ́tìnnì náà láti àárọ̀ àná ju gbogbo èyí tí òun ti kó jọ lọ. Wọ́n ń da omi sílẹ̀ ní Yàrá Ìrònú, Olùkọ́ wà nínú rẹ̀, ẹnì kan sì ń sọ ọ́ ketekete pé kí wọ́n má fún un ní oògùn èémí rẹ̀ títí yóò fi gbọ́n.

"Ohùn ta ni?" ni Ìyá béèrè.

Akọ̀ròyìn wo ilẹ̀. Gbogbo ọgbà ló mọ ẹni tí Ìyá Bọ́tìnnì jẹ́ sí ọ̀gá. Ìyá fi ọwọ́ di tábìlì mú.

"Ṣé o lè gé ohùn yẹn kúrò?"

"Mo lè gé e, mà. Ṣùgbọ́n bí mo bá gé e, wọ́n á ní páìpù ló jò."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ pé ọkùnrin náà wà níbẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ páìpù lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá fi bọ́tìnnì sínú àpò aṣọ rẹ̀. Ó ní kó padà wá lọ́la. Akọ̀ròyìn lè já a gbà, agbára rẹ̀ ká a, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, "Ìyá, Olùkọ́ ò lè pẹ́ nínú omi yẹn o," ó sì jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá lọ bá àbúrò rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ó bá a tó ń to ìwé sínú dúrọ́ọ̀. Inú rẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ yìí sọ ọ̀rọ̀ kan péré tí òun yóò fi lè sọ bọ́tìnnì náà sínú kànga.

"Mú Olùkọ́ kúrò nínú omi," ni ó wí.

"Ta ló sọ fún yín pé ó wà nínú omi?"

"Kúbùsù ló sọ fún mi."

Àbúrò rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó wà lókè ló fẹ́ kí ibí yìí dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá kọ lẹ́tà kan jáde, èmi ni wọ́n á pè. Ẹ ò mọ ohun tí ojú mi ń rí."

"Oògùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Bó bá ti tọrọ àforíjì, á gbà á."

"Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Èyí ò lè bí ọmọ rere, àbúrò mi. Mo bẹ̀ ọ́. Mi ò bẹ̀ ọ́ rí láyé mi."

Ọkùnrin náà dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ máa fọ aṣọ yín. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún mi." Kò jágbe mọ́ ọn, ó rọra sọ ọ́ ni, bó ṣe máa ń béèrè bóyá ó ti jẹun. Ìyẹn gan-an ló dun Ìyá wọ egungun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó di kúbùsù gbígbẹ sínú kẹ̀kẹ́, ó tì í lọ sí ẹ̀yìn ọgbà. Ta ni yóò dá ẹ̀gbọ́n ọ̀gá dúró? Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tilẹ̀ bá a ṣí géètì. Ihò kan wà lára ilẹ̀kùn Yàrá Ìrònú tí wọ́n ń gbà fi oúnjẹ wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú. Omi ń dán nílẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Olùkọ́ wà ní ìdúró, ó fi èjìká ti igun, nítorí kò síbi tí yóò jókòó sí. Èémí rẹ̀ ń han fée, fée.

Ó mọ ojú tó yọ sí i. "Ìyá," ni ó wí, ó sì sinmi díẹ̀ kó tó rí ìyókù sọ. "Ta ló ń bá yín ká aṣọ báyìí?"

Ìyá fi ẹnu sún mọ́ ihò náà. "Èmi nìkan ni."

"Ẹ so etí ẹ̀ kan mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn… kí ẹ máa fà á látọ̀dọ̀ tiyín. Á ṣe é fún yín… títí n ó fi dé."

Ìyá ti kúbùsù méjì gba ihò náà wọlé, ó yí kẹ̀kẹ́ padà. Ó ń sunkún bọ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì nu ojú. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, òun náà sì rí ohun tí òun yóò ṣe kó tó dé ilé ìfọṣọ.

Ẹ̀ṣọ́ Tuntun ti ń dúró. "Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn," ni Ìyá wí. Òun ló mọ̀ pé wọ́n máa ń tú àpò àti bàtà gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá ń jáde ní géètì, pé bọ́tìnnì tó bá wà níbi tí bọ́tìnnì ń gbé nìkan ni wọn kò ní wò. Ó gé èyí tó rán ní Ọjọ́bọ̀. Ó fi òwú onílọ̀ọ́po mẹ́rin rán kámẹ́rà náà padà síbi kẹta, abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó tán, ó fi eyín já òwú.

"Má gé ohùn kankan," ni ó wí.

"Ìyá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ṣé mo ní kó o bi mí ni? Máa lọ, kí ọkùnrin yẹn má kú."

Akọ̀ròyìn jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì gbé fídíò náà lọ fún àwọn agbẹjọ́rò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn agbẹjọ́rò àti dókítà méjì ti dé sí géètì pẹ̀lú àṣẹ adájọ́, wọ́n sì gbé Olùkọ́ jáde lórí àkéte lọ sí ilé ìwòsàn. Ìròyìn náà gan-an di alẹ́ ọjọ́ Ajé kó tó jáde lórí tẹlifíṣàn. Akọ̀ròyìn ti búra pé òun kò ní dárúkọ Ìyá, Ìyá sì lè dákẹ́ síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó wọ bàtà, ó lọ sílé àbúrò rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí dé ìsàlẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn," ni ó fi parí rẹ̀.

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Kò bú u. Ìbá tiẹ̀ bú u, ara ìbá tu Ìyá díẹ̀.

Oṣù márùn-ún ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ọgbà náà pa, wọ́n ní kí àbúrò rẹ̀ lọ máa rọ́kún nílé títí wọn yóò fi wádìí ọ̀rọ̀. Ìyá lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìyàwó rẹ̀ á yọjú, á wo ilẹ̀, á ní ó ń sùn. Nígbà tí wọ́n pàdé lójú pópó, ọkùnrin náà sọdá sí òdìkejì. Ọmọ tí ènìyàn pọ̀n dàgbà! Ìyá ní ọjọ́ yẹn ni òun mọ̀ pé ọ̀fọ̀ wà tí wọn kì í bá ènìyàn kẹ́dùn rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí jókòó ní gbọ̀ngàn kan tí fáànù rẹ̀ ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Olùkọ́ wà lẹ́yìn, ara rẹ̀ ti ń le, oògùn èémí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò Ìyá jókòó níwájú. Agbẹjọ́rò ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò máa wí, ó sì ń wí i: ohùn tó wà nínú fídíò jọ tòun, ṣùgbọ́n òun kò lè rántí. Ta ló ní kí wọ́n da omi? Kò lè rántí. Ta ló pè é láti òkè? Kò lè rántí. Wàyí, wọ́n pe Ìyá Bọ́tìnnì. Agbẹjọ́rò àbúrò rẹ̀ dìde, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe.

"Mà, ṣé ẹ rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ àwọn èèyàn yìí rí?"

"Mo rí i."

"Fún ọdún mélòó?"

"Ọdún mẹ́sàn-án."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo fọ̀ ọ́."

Agbẹjọ́rò fẹ́ jókòó, ó ti rí ohun tó ń wá, ṣùgbọ́n Ìyá kò tíì parí ọ̀rọ̀. "Omi tútù ni wọ́n fi ń bọ́ ẹ̀jẹ̀," ni ó wí. "Mo mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì mọ́ tónítóní. Ẹ̀rí tí ẹ ń wá tí ẹ ò rí, èmi ni mo fọ̀ ọ́ dànù. Bí ẹ bá ń kọ orúkọ àwọn tó ṣe é, ẹ kọ tèmi sí i. Èmi rántí ní tèmi."

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọwọ́ náà. Àga kan dún níwájú. Àbúrò rẹ̀ ló dìde. Agbẹjọ́rò di apá aṣọ rẹ̀ mú, ó já a gbà.

"Ẹ má kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n da omi. Èmi ni mo ní kí wọ́n má fún un ní oògùn. Mo rántí ẹni tó pè mí láti òkè, mo rántí ọjọ́ tó pè, mo sì máa sọ ọ́."

Ó lé ní wákàtí kan tó fi ń sọ ọ́, akọ̀wé ń kọ, kò sẹ́ni tó wúkọ́ àfi Olùkọ́. Nígbà tó tán, ọlọ́pàá méjì wá dúró tì í. Bí wọ́n ti ń mú un kọjá lẹ́bàá ìjókòó Ìyá, ó dúró, àwọn ọlọ́pàá náà sì fún un láyè.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi."

"O kú ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ ìyá mi," ni Ìyá dáhùn. "Ṣé o ti jẹun?"

Ó mi orí pé òun kò tíì jẹun, wọ́n sì mú un lọ.